Ẹnu Géètì Ṣọ́ọ̀ṣì Kò Gba Pósí Méjì

Abúlé Aldersham,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, 1851.

Enoch, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo nírètí pé òtútù Hull kò mú ọ jù, àti pé ò ń rí oúnjẹ gidi jẹ níbi tí ẹ ti ń kan ọkọ̀. Ní tèmi, ikọ́ mi ṣì wà, ṣùgbọ́n mo lè jókòó kọ̀wé, a dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o ti pọ́n ọ̀bẹ, o ní Josiah Pask ni o máa kọ́kọ́ kí tí o bá délé. Jọ̀wọ́, jókòó ná. Ẹni tó ròyìn ikú Reuben ẹ̀gbọ́n rẹ fún ọ kò sí níbẹ̀, èmi wà níbẹ̀.

O mọ̀ pé ẹni tí a bá sin kẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni yóò máa ṣọ́ ọgbà ìsìnkú, kò ní sinmi títí a ó fi sin ẹlòmíì. Bàbá yín kú ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kejì, ibà pa Kezia, ọmọ Josiah, àwọn tó ń gbé létí odò. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Àlùfáà tuntun wa fi ìsìnkú méjèèjì sí ọ̀sán kan náà, torí pé wọ́n pè é síbi oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì kìlọ̀ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ má dán an wò o, ìjà ló máa dá sílẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òkú kì í jà. Òótọ́ ni, òkú kì í jà. Àwa alààyè ni.

A ń gbé bàbá yín bọ̀ láti orí òkè nígbà tí a rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, Josiah gbé pósí kékeré lé èjìká. Ẹnikẹ́ni kò ní ká sáré. Ẹsẹ̀ kàn ń yá sí i ni, kí a tó mọ̀, eré ti délẹ̀. Bàbá yín tí kò sáré rí láyé rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló sáré! Reuben wà níwájú, ó ń pariwo pé, "Bàbá mi ṣiṣẹ́ nínú oko olóko títí ó fi kú, kò ní tún lọ ṣe ọdẹ fún ẹnikẹ́ni!"

O mọ bí géètì yẹn ṣe há tó. Hester, ìyàwó Josiah, ló kọ́kọ́ dì í mú. Ó ní, "Ìyá Reuben, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé!" Mo ní kó kúrò lọ́nà. Kò kúrò. Mo fà á nírun títí fìlà àti irun fi wá sí mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ ta ló lu ta. Igi, òkúta, bàtà. Wọ́n fa etí alágbẹ̀dẹ ya. Pósí bàbá yín já lulẹ̀, ìdérí rẹ̀ là, mo rí irùngbọ̀n rẹ̀. Reuben náà rí i, orí rẹ̀ gbóná. Ó gbá Josiah lẹ́nu, eyín fọ́n sórí koríko, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Pósí kékeré ti wà nínú ẹrọ̀fọ̀. Josiah nawọ́ mú ṣọ́bìrì tí agbẹ́lẹ̀ gbé ti ògiri, ó là á mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ lórí. Ìró rẹ̀ kò tíì kúrò létí mi. Reuben kò ṣubú. Ó fa bàbá yín wọlé, a sì borí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti rí ẹ̀jẹ̀ rí. Ìwọ náà ti ki ìka bọ ihò ọta tí àwọn ọmọ ogun ayé àtijọ́ dá sí ilẹ̀kùn rẹ̀, o sì mọ àwọn ère ẹni mímọ́ tí wọ́n bẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó tíì rí irú èyí, kí ìyá máa fi síkẹ́ẹ̀tì nu ẹrọ̀fọ̀ lára pósí ọmọ rẹ̀.

Reuben mu bíà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó ń yangàn. Ní ọjọ́ kejì, bó ṣe ń lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì bó ti máa ń ṣe, ó gbọ́ Hester lẹ́bàá ògiri ọgbà: "Kezia, má bẹ̀rù, màmá ò tíì lọ. Tí ẹnì kan bá ti dé, wàá lọ sùn." Kò lu agogo kankan. Ó padà wálé, kò yangàn mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde létí rẹ̀, kò pẹ́ tí kò fi lè dìde. Ọlọ́pàá wá bi í pé ta ló lù ú. Ó ní, "Mo ṣubú ni." Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn. Nígbà tó kù díẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú: "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí n pẹ́ nílé o. Ẹ tètè gbé mi lọ. Ọmọ yẹn ti dúró tó."

Josiah ló ṣí géètì fún wa lọ́jọ́ tí a sin ín. Ètè rẹ̀ ṣì wú. Ó wù mí kí n tutọ́ sí i lójú, àmọ́ mi ò ṣe é. Wọ́n ní nígbà tí Hester délé lọ́jọ́ náà, ó sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú.

Enoch, ìbínú kò da nǹkan fúnni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń ṣọ́ ọgbà báyìí. Mo mọ ibi tí ikọ́ yìí ń mú mi lọ, èmi ni n ó gbà á sílẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n tí o bá pa Josiah, wọ́n á yẹgi fún ọ, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń sin irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. O ò ní gba ẹnu géètì wa wọlé láéláé. Èmi á dúró níbẹ̀, n ó máa wo ọ̀nà Hull. Ẹlòmíì á dé, á ní kí n lọ sinmi, n ó sì kọ̀.

Kí Ẹni tí kì í tòògbé máa ṣọ́ ọ. Wàá gbó, wàá tọ́, ọwọ́ rẹ kò ní ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Dorcas Thurtle.

Mo gbàgbé: Ìyá àgbà Cobbold, tí kò tíì dìde lórí ibùsùn láti ìgbà ìkórè, ti kọ oògùn. Ó ní òun ló kàn láti lọ gba Reuben sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ tò sẹ́yìn mi!" A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ta ọ̀bẹ yẹn, kí o fi owó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá, kí n rí ọ kí ọ̀kan nínú èmi àti Ìyá àgbà yìí tó ṣáájú èkejì.