Ìkòkò Aró Ìyá Rẹ

Fáìzàh, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé òtútù ilẹ̀ Faransé kò mú ọ jù? Ọlọ́run tó mú ọ kọjá òkun kò ní fi ọ́ sílẹ̀ sétí omi. Ara mi le, ewúrẹ́ ti bímọ, iṣu ti ta, àfi ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ni mo ní ẹjọ́ rẹ̀ láti rò fún ọ. Ìdáyátù tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́.

O ní máàkì mẹ́rin nínú ogún ni wọ́n fún ọ nínú kẹ́mísírì, o fẹ́ di ẹrù rẹ padà wálé. Inú mi kọ́kọ́ dùn. O mọ̀ pé n kò fẹ́ ìrìn àjò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè é ní kíláàsì ìmúrasílẹ̀, ẹ sì ti ń múra láti èṣí. Ìyàwó tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níwájú dígí, ọkọ á ti bá tirẹ̀ lọ. O tún ní lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni tíṣà ń mú ẹ̀yin mẹ́ta dúró síwájú bọ́ọ̀dù, tó ń bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Níbí, ẹni tó jí ewúrẹ́ là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ní Bwari níhìn-ín, mo sọ fún mẹ́gáàdì pé kó fi àyè kan sílẹ̀ fún ọ, ó ní yauwa, Baba, kò burú.

Ọjọ́ Sátidé ló yí ọkàn mi padà, ọjọ́ tí o pè wá lórí fóònù tí a ń rí ara wa. Inú yàrá tí ẹ ti ń po omi ni o wà. Ó ṣókùnkùn, mo ní kí Ìdáyátù gbé fóònù sójú oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. O gbé tìrẹ ti nǹkan kan, o kọ ẹ̀yìn sí wa, o ń kán omi sínú ìgò díẹ̀díẹ̀. Omi inú ìgò náà mọ́ gaara. Ẹ̀kán kan bọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ di aró. Ẹnu mi yá jù mí lọ, mo kí ọ bí mo ṣe máa ń kí ìyá rẹ nídìí ìkòkò aró rẹ̀, mo ní àrẹ̀dú o. O ò gbọ́. Obìnrin kan ló dáhùn pé kò ní ṣá.

Mo rò pé tíṣà rẹ ni, mo ṣí fìlà. Àfi ìgbà tí mo rántí pé Sàlímọ́tù ìyá rẹ nìkan ni mo mọ̀ tó ń dáhùn báyẹn. Ìdáyátù ní òun náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú fóònù, ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ó ní kí n má sọ pé òun kò bá mi débẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi débẹ̀.

Ìkòkò aró tó wà ní ẹ̀yìnkùlé yẹn ti gbẹ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, aláǹgbá ló ń gbé inú rẹ̀. Mo ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́. Omi wà níbẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìgbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọwọ́ kúrò. Nígbà tí mo yọ tèmi, àwọ̀ ewé ni. Bí afẹ́fẹ́ ṣe kàn án, lójú mi báyìí ló ṣe di aró títí dé ọrùn ọwọ́. Ọṣẹ kò bó o, kànrìnkàn kò bó o. Àlùfáà wò ó títí, ó tilẹ̀ gbàgbé láti gba sàráà tí mo mú lọ.

Nítorí náà, má wálé. A kì í dìde nídìí aró tí kò tíì mú. Ọdún tí mo fẹ́ ìyá rẹ, aṣọ tó kọ́kọ́ rẹ láró fún mi jáde bí omi àbàtà, mo sì wọ̀ ọ́ lọ sí Yídì. Mẹ́rin nínú ogún rẹ sàn ju aṣọ yẹn lọ. Mo ti sọ fún mẹ́gáàdì pé kó fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ fi páànù bo ìkòkò náà kí òjò má baà bomi là á. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ kí ìyá rẹ níbẹ̀, kò sì dáhùn mọ́. Bí o bá tún fẹ́ ṣe omi yẹn, jọ̀wọ́ pè mí. Kọ ẹ̀yìn sí mi bíi ti ọjọ́sí, má sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n kí i.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á mú. Ojú kò ní tì ọ́ níwájú bọ́ọ̀dù. Ohun tí o lọ kọ́ kò ní ṣá.

Èmi ni, Ṣítù, bàbá rẹ. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi ni mo tẹ̀ síbí yìí. N kò lo tàdáwà.