Bàbá Tó Ní Fáìlì Ò Gbọdọ̀ Mọ Àgbà: Olóògbé Díákónì Josiah Oyèlékè Ọlọ́runnísọ̀lá (1931–1989)

Ọ̀yọ́ ni a ti bí Bàbá wa, Díákónì Josiah Oyèlékè Ọlọ́runnísọ̀lá, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1931. Káfíńtà ni bàbá wọn; Àmọ̀kẹ́, ọmọ Iresa, ni ìyá wọn. Tìbéèrè-tìbéèrè ni wọ́n wá sáyé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wọ́n bi olùkọ́ pé ta ló wà níbẹ̀ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run ń dá ayé. Ẹgba mẹ́fà ni wọ́n jẹ, ìbéèrè náà kò sì kúrò lọ́kàn wọn.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì di akọ̀wé ní ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, ní 1950. Ọdún 1957 ni wọ́n gbé Rose Bọ́lánlé níyàwó nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi tó padà yàn wọ́n ní díákónì.

Ní 1988, kọ̀ǹpútà dé. Àwọn kéékèèké tó ń lo Windows wà lórí àwọn tábìlì. Ẹ̀rọ ńlá kan tó ń lo UNIX, ìlànà ìṣiṣẹ́ mìíràn, ni yóò máa tọ́jú fáìlì gbogbo wọn. Bàbá ni ilé ìwòsàn fi sídìí ètò náà. Àwọn kan ní kí wọ́n ṣáà ki wáyà bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: oṣù méjì gbáko ni Bàbá fi ń ti tábìlì dé tábìlì, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ń ka fáìlì nìkan àti ẹni tó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Wọ́n ṣètò pé bí ẹnì kan bá ń kọ nínú fáìlì, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì mọ́ àwọn yòókù. Wọ́n sì ní kí wọ́n ṣì máa kọ ohun kan náà sínú ìwé àtijọ́, kí ó máa bá ẹ̀rọ rìn fún ọdún kan.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ní kí Alhaji Mashood, àgbà ilé oògùn, dúró, nítorí Ràódàt, akọ̀wé tí wọ́n tó bí lọ́mọ, wà nínú fáìlì. Ó dùn wọ́n. "Josiah, ṣé èmi ni ọmọdé ń tilẹ̀kùn mọ́?" Nítorí ọ̀wọ̀ àgbà, Bàbá yọ ìtìlẹ̀kùn náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn méjèèjì kọ̀wé sínú fáìlì aboyún kan, Oyèrónkẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Alhaji pa ti Ràódàt rẹ́. Ohun tí Ràódàt sì kọ ni pé oògùn pẹnisílíìnì lè pa obìnrin náà.

Ìgbà tí Bàbá ń fi ẹ̀rọ wé ìwé àtijọ́ ni wọ́n rí i pé ìkìlọ̀ náà kò sí lórí ẹ̀rọ mọ́. Wọ́n sáré dé wọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ti wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ni Bàbá ti jẹ́wọ́ pé àwọn làwọn jẹ̀bi. "Ẹ má bínú sí mi, Alhaji. Fáìlì ò gbọdọ̀ mọ àgbà." Wọ́n dá ìtìlẹ̀kùn padà, Alhaji fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ dúró nígbà tí ẹ̀rọ ní kí wọ́n dúró.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1989. Màmá Rose, ọmọ méjì, Goodness àti Olúwatómisìn, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, ló gbẹ̀yìn wọn. Àárò wọn ń sọ wá gan-an. Oyèrónkẹ́ náà wà láàárín wa lónìí, ó pọn Ìbùkúnọlá, ọmọ oyún ọjọ́ náà, sẹ́yìn.

Bàbá wa, fáìlì tiyín ti tì. Kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan bò ó mọ́. Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi Í léèrè títí, kò ní nà yín. Ẹ sùn re o.