Ohun Tó Sùn Sínú Eegun Àǹtí Dúpẹ́

Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, 1984

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Dúpẹ́, yìí sú mi lónìí. Ó lé lọ́dún mẹ́rin tí dókítà ti gé ọyàn wọn nítorí jẹjẹrẹ, a sì ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lónìí, dókítà wo fọ́tò ẹ́síréè ẹ̀yìn wọn, ó ní jẹjẹrẹ náà ni.

Àǹtí Dúpẹ́ ní, "Ṣebí ẹ ti gé e dànù?"

Dókítà ní kí òun tó gé e ni díẹ̀ ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú eegun. Ó sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́, ó wá jí.

Láti ìgbà ìkórè ni ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n! Bí a ṣe ń ti ọsibítù bọ̀, mo pariwo ní títì Òkè-Ìlewó lójú gbogbo ayé: "Kí ló dé tẹ́ ò tètè wá?"

"Ojú ń tì mí. Gbogbo ìjọ ti bá mi jó. Ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé ó ti padà dé?"

Ojú ń tì wọ́n! Irú ìtìjú wo nìyẹn?

Ṣùgbọ́n ta ló ń fi òrí ra ẹ̀yìn wọn lálaalẹ́ bí kò ṣe èmi? Wọ́n ní ẹrù àdìrẹ tí àwọn ń gbé lọ sí ọjà Ìtòkú ló fà á. Mo gbà bẹ́ẹ̀, nítorí èmi náà ò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn.