Ẹṣin Tó Ń Yíìká

Ẹ̀gbọ́n mi Fọláhàn,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Yéjídé ìyàwó mi ń kí yín. Snow ti ń yọ́ ní Copperfield níbí, ara wa sì le.

Ẹ jọ̀ọ́, fídíò ẹṣin wa tí mo fi ránṣẹ́, tí mo ní ó ń yíìká kí yín bí ẹni dé iwájú Aláàfin, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rín ni mò ń rín tí Dámi ọmọ mi fi pariwo: "Daddy, that's colic!" Àṣé inú ló ń run ún tó fi ń yí nílẹ̀! Dókítà ẹran ní ká má fún un lóúnjẹ, ká máa mú un rìn kiri títí òun á fi dé wá fún un lábẹ́rẹ́.

Màmá á pẹ́ fún wa. Ẹṣin ti gbádùn, ó ń jẹ koríko, ṣùgbọ́n kò kí ẹnikẹ́ni mọ́.

Àbúrò yín,
Ọláwándé