Ojú Ọmọ Mi Lọ́rùn Ẹ̀fúùfù

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1993

Wọ́n gbé e fún mi! Ẹ̀fúùfù, akọni obìnrin tó ń fi ìjì jà nínú kọ́míìkì, ìwé ìtàn aláwòrán wa, èmi ni n ó máa yà á. Títí di àná, àwòrán tí àwọn ọkùnrin fi pẹ́ńsùlù yà ni mo ń fi íńkì tẹ̀. Haskell olóòtú wa — Ẹlẹ́nu-dídùn — ní, "Lorna, obìnrin ló mọ obìnrin. Yà á bó ṣe wù ẹ́." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Nílé iṣẹ́ wa, ara kan ṣoṣo ni gbogbo obìnrin inú kọ́míìkì ní. Irun nìkan la máa ń pààrọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Darcy ọmọ mi dúró kí n ya fọ́tò tí n ó wò yàwòrán. Ará ilé ẹni la máa ń lò. Ìyàwó Vince, ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ mi, ti já bọ́ lórí òrùlé àìmọye ìgbà nínú àwòrán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó di ìgbálẹ̀ mú bí ọ̀kọ̀, ó tẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó le ojú koko. "Màmá, ẹ ṣe kíá, ọwọ́ ń ro mí!" Mo ya ojú rẹ̀ bó ṣe rí, tòun ti imú ńlá tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ti ròyìn fún gbogbo ilé ìwé pé òun ni Ẹ̀fúùfù.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo gbé àwòrán iwájú ìwé lọ. Haskell wò ó, ó họrí. Ó ní ó dáa o, àmọ́ ta ló máa rà á? Mo fèsì pé àwọn ọmọbìnrin ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ọmọbìnrin wo? Àwọn ọmọkùnrin ló ń kún ṣọ́ọ̀bù, Lorna."

Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Yìnyín látàárọ̀. Fóònù ò dún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Háà! Wọ́n dá a padà kí n fi íńkì tẹ̀ ẹ́. Vince ló máa ń lẹ bébà mọ́ ibi tí ọ̀gá ò bá fẹ́, kó wá ya òmíràn síbẹ̀. Láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ló lẹ bébà bò. Ìbàdí tíńrín bí ọrùn ìgò. Aṣọ ìjà ti di àkísà. Ó lọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí àyà àti ìdí lè kọjú sí wa lẹ́ẹ̀kan náà — bí èèyàn ẹlẹ́ran ara bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á kán. Lọ́rùn ìyẹn, ojú Darcy. Wọn ò fọwọ́ kan ìyẹn rárá.

Mo pe Haskell: ọmọ mi nìyẹn, ọmọdé ni! Ó ní ta ló máa mọ̀? Ilé ìtẹ̀wé ń dúró. Bí mi ò bá lè ṣe é, Vince á ṣe é. Vince gba fóònù. "Má bínú, Lorna. Bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é nìyẹn." Olórí burúkú! Òun náà bímọ obìnrin.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Bí mo bá kọ̀, ojú ọmọ mi ló máa jáde bẹ́ẹ̀. Mo fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Mo ya òmíràn síbẹ̀, ojú tí kì í ṣe tẹnikẹ́ni: imú bíńtín, ẹnu tó là sílẹ̀ díẹ̀. Mo fi íńkì tẹ gbogbo rẹ̀. Mo kórìíra ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Haskell ní ojú tuntun yìí tiẹ̀ rẹwà ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Igbe

Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé n ó sọ fún Darcy. Ìwé náà jáde lónìí. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣáájú mi dé ṣọ́ọ̀bù. Ó wọlé, kò bọ́ kóòtù. Wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òpùrọ́ ni. "Ṣé torí imú mi ni, Màmá?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n ò fi nǹkan kan pa mọ́. Mo fa fọtokópì àwòrán tí Vince tún ṣe yọ, èyí tí mo ṣe kí n tó pa ojú rẹ̀ rẹ́, kó lè rí ohun tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wò ó. Ó wò ó títí. Ó fọwọ́ wọn ìbàdí ara rẹ̀.

"Mo mà rẹwà níbí o. Kí ló dé tí ẹ fi yọ mí?"

Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí nínú yàrá rẹ̀. Mo pè é wá jẹun alẹ́. Ó ní òun ò jẹ.