Wòlíì Ò Ríran Kankan, Oorun Ni Mo Fẹ́ Sùn

Irọ́ ni mo pa kí n tó lè rí oorun sùn, irọ́ náà sì ti fẹ́ lé ẹni tí kò ṣẹ̀ jáde nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ni pèèjì yìí, ẹ má fi orúkọ mi síta. Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbọ́ mi tán ná kí ẹ tó bú mi.

Apá Ayọ̀bọ̀ là ń gbé. Ọkọ mi ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, inú ọgbà wa sì ni kànga ẹ̀rọ tí gbogbo òpópónà ti ń pọnmi wà. Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n á ti máa kan géètì, "Ìyàwó Alága, ẹ bá wa ṣí omi"... ẹni tí wáyà iná rẹ̀ já, èmi ló máa wá bá, ẹni tó ń bá ayálégbé rẹ̀ jà, èmi náà ni, torí Alága fúnra rẹ̀ ti wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ o, ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́ ní ilé ìwé kan ní Ìdímù. Tí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, kẹ́ẹ̀gì ni mo máa ń bá tó tò dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, àyà mi ń já láìnídìí, lọ́jọ́ kan ṣọ́ọ̀kì jábọ́ lọ́wọ́ mi níwájú àwọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní ilé ìwòsàn wo mí, ó tún un wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní, "Màmá, màá fún yín lóògùn, ṣùgbọ́n oògùn ò lè dá a ṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ máa sùn. Ẹ gbọ́dọ̀ ní àsìkò tẹ́nikẹ́ni ò ní pè yín." Mo jíṣẹ́ yìí nílé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni kò rẹ̀ l'Ékòó, ṣé kí gbogbo Alímọ̀ṣọ́ wá lọ sùn ni? Ìyá rẹ̀ ní òun bímọ mẹ́fà, òun tún roko, kò sẹ́ni tó wọn ẹ̀jẹ̀ òun. Tí mo bá dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé àìsàn ni, àbí o kàn ń sùn ṣá?"

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Nílé wa, tí nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí Wòlíì bá ríran, gbogbo ilé á dákẹ́. Bí mo ṣe dé láti ìsìn lọ́jọ́ kan nìyẹn, mo ní Wòlíì ríran ogun sí mi, ó ní kí n lọ wà ní ilé àdúrà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ díẹ̀, kí n má gbàlejò, kí n má mú fóònù dání. Wòlíì ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ gbàdúrà lè sùn níbẹ̀, Ìyá Ìjọ á fún un ní ẹní. Kíá, ọkọ mi gbé báàgì mi. Ìyá rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n má ronú rárá. Mo wọ sùtánà, mo bọ́ bàtà, mo tẹ́ ẹní... mo sùn. Ṣé ẹ mọ irú oorun tí itọ́ máa ń dà lẹ́nu èèyàn? Nígbà tí mo padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì ní, "Ó ti wálẹ̀ o. Kí lẹ ṣe?" Mo ní mo sùn ni.

Mo bá sọ ọ́ dàṣà. Tó bá ti rẹ̀ mí jù, Wòlíì á tún ríran.

Ìyá ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé kí ló dé tí ogun yìí ò tán, ta ni Wòlíì rí gan-an? Wọ́n bi mí, bi mí, mo kàn fẹ́ kí wọ́n dákẹ́ ni, mo ní obìnrin kan ni, kò jìnnà sí wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán... Àṣé wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n ń fura sí. Ìyá Sàídì ni, ayálégbé wa ní yàrá ẹ̀yìn, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ránṣọ. Obìnrin yìí nìkan ló máa ń bá mi ṣí omi fáwọn èèyàn kí n lè jókòó. Òun ló fà mí lọ wọn ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ṣé a ò rí i ni, ìgbà gbogbo ló ń rìn mọ́ mi, kí ló ń wá? Ọkọ mi ti ní kó kó jáde kí oṣù yìí tó parí. Ta ló fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn? Ṣebí Alága kan náà ló ń gbọ́ ẹjọ́ ayálégbé?

Mo lọ bá Ìyá Sàídì ní yàrá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Mo rò pé á bú mi ni. Ó gbé aṣọ tó ń rán sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Mo ti mọ̀ jàre. Irú Wòlíì wo ló ń ríran kìkì ìgbà tíṣẹ́ bá pọ̀?" Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Yàrá pọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, Ìyàwó Alága. Tí wọ́n bá fi lè mọ̀ pé irọ́ ni, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa mí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti mọ ohun tí màá ṣe.

Mo tún lọ wọn ẹ̀jẹ̀ lánàá, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò sì lè lọ sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí tí mo bá tún lọ, wọ́n á ní Ìyá Sàídì ti tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní tó bá ti kó lọ tán, òun máa pe Wòlíì wá ya ọgbà sí mímọ́... Wòlíì tí kò rí nǹkan kan.

Tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ní mo fi orúkọ Ọlọ́run purọ́, oorun mi ti tán nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, ẹni tó ṣàánú mi ló ń di ẹrù rẹ̀ lọ yẹn. Ṣé kí n lọ bá Wòlíì fúnra mi? Ṣé kí n mú ọkọ mi lọ gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tẹ́ ẹ sì ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ, báwo lẹ ṣe sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ yín, tí wọ́n fi gbà yín gbọ́? Gbogbo èsì yín ni màá kà. Tí mi ò bá tètè dáhùn, ẹ má bínú, wọ́n ti ń kan géètì.