Wọ́n Ti Kìlọ̀ Kó Tó Ṣẹlẹ̀: Ìgbésí Ayé Màmá Onímáṣíìnì (1951–2024)

Ẹ sún mọ́bí o, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin oníbàárà wọn, àtẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wọ́n rí àmọ́ tí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí ẹ sì wá. Ẹ wá àyè jókòó, ẹ gbé etí yín méjèèjì wá síbí. Ìdílé yìí ò ní lè ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún 1951 ni wọ́n bí màmá wa, nínú ilé onípákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè. Bíríkìlà ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, àwọn sì ni ọmọ kẹrin nínú ọmọ mẹ́fà. Ìran bàbá wọn kì í rí nǹkan tó ń yẹ̀ kí wọ́n má fọwọ́ tì í. Bàbá tó bí bàbá wọn máa ń wọ ilé onílé lọ tún ìlẹ̀kùn ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é, wọ́n á sì bá a jà kí wọ́n tó dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Màmá gbé wáyé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1957. Nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì karùn-ún, máṣíìnì ìránṣọ tí tíṣà fi ń kọ́ wọn dákẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo kíláàsì káwọ́ gbera. Màmá bá mú ọ̀bẹ ìjẹun láti ilé, wọ́n ṣí irin abẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n fa òwú tó ti dì mọ́bẹ̀ bí irun jáde. Tíṣà já wọlé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n fọwọ́ kàn án, mà. Òun ló ń ké."

Tíṣà nà wọ́n lẹ́gba méjì. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà kan náà ló wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá wo tilé òun.

Lọ́dún 1966, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Ọ̀gá yẹn wò wọ́n látòkè délẹ̀, ó ní, "Obìnrin ló ń fi máṣíìnì ránṣọ, ọkùnrin ló ń tún un ṣe." Màmá ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti bi máṣíìnì léèrè?" Ó rẹ́rìn-ín ni, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà wọlé. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbòmìnira, ọ̀gá fún wọn ní sípánà ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọdún 1974 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, tó jẹ́ káfíńtà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o: ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá kàn tábìlì kó tó rí wọn fẹ́. Èyí tó kọ́kọ́ gbé wá ń mì. Màmá fi ìka kan tì í, ó mì, wọ́n ní kó lọ tún un kàn ná kó tó wá máa sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Èkejì ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù títí dòní, kò mì rí.

Gbogbo yín lẹ mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́rin lọ. Òórùn ọ́ìlì ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn, lẹ́yìn náà ni Màmá á tó kí i. Bóbìn tí wọ́n ń ká òwú sí wà nínú agolo wàrà, abẹ́rẹ́ tó ti ṣẹ́ wà nínú ìgò lọ́tọ̀ kó má baà gún ọmọ ọlọ́mọ. Àádọ́ta ọdún ó lé ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ yìí. Oníbàárà tí ò bá lè gbé máṣíìnì wá, Màmá á gbé àpò awọ wọn kọ́ èjìká, ó di ilé onítọ̀hún, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi rìn.

Ní ti ìgbàgbọ́, ìjókòó kẹta lápá òsì ni tiwọn ní ilé ìjọsìn. Tí àdúrà bá ti gùn jù, wọ́n á rọra sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, "Ọlọ́run ti gbọ́ látẹ̀ẹ̀kan o." Láti ọdún 1998, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò níṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Mọ́kànlélógójì ló ti gba ọwọ́ wọn jáde.

Lọ́dún 2019, Bàbá ṣubú lulẹ̀ nínú ilé, apá kan ara rẹ̀ kú. Ọkùnrin kan tó ń gbé ilé kẹta sí tiwa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Géètì Dúdú, ló gbé e pọ̀n sẹ́yìn, tó gbé e sínú mọ́tò, tó sáré gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní tó bá fi pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. A ò gbàgbé oore yẹn, a ò sì ní purọ́ pé kò ṣẹlẹ̀.

Ọdún 2022 ni Bàbá Géètì Dúdú ra ajá méjì, akọ kan, abo kan. Ajá gìrìwò ni wọ́n, irú èyí tó jẹ́ pé tó bá naró, ó ga ju Màmá lọ. Ìkọ́ géètì rẹ̀ ti dípẹtà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí akọ jáde, ó lé oníbúrẹ́dì dé inú gọ́tà. Màmá lọ bá onílé.

"Àbúrò mi, ajá yín jáde lónìí o."

"Háà, Màmá, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Eré ló ń ṣe."

"Eré? Ṣé òun ló sọ fún yín?"

"Ọmọ dáadáa ni, Màmá. Ẹ̀yin náà ẹ wojú ẹ̀."

"Ọmọ dáadáa kì í fi eyín kí èèyàn."

Ó rẹ́rìn-ín. Màmá fi wáyà so ìkọ́ géètì yẹn pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Kò pé oṣù kan tí wáyà já. Wọ́n padà lọ, wọ́n ní kó jẹ́ káwọn fi irin tuntun síbẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Nígbà kẹta, wọn ò bá a nílé, ajá ló dá wọn lóhùn.

Oṣù kejì ọdún 2024, Màmá gbé ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àkọ́bí wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló tẹ̀ lé wọn lọ. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó gbé ife tíì síwájú, ó na fọ́ọ̀mù sí wọn. Ìbéèrè kẹjọ ní: Ṣé ajá náà ti gé ẹnikẹ́ni jẹ?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ sí wọn létí pé, "Màmá, ẹ kọ 'bẹ́ẹ̀ ni' síbẹ̀ jàre, kí wọ́n lè tètè dáhùn."

Màmá ní, "Irọ́ nìyẹn. Kò tíì gé ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá gbọ́ èdè, 'kò tíì' ti tó o ní ìkìlọ̀."

Ohun tí wọ́n kọ náà nìyẹn, gàdàgbà gàdàgbà: Kò tíì gé ẹnikẹ́ni jẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Ó ní níwọ̀n bí olùfisùn ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ajá náà kò gé ẹnikẹ́ni jẹ, ọ́fíìsì ti pa fáìlì náà dé.

Màmá wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Tíì mi dà?" Kò yé wa. Wọ́n fi ìka hàn wá. "Ẹ wò ó. 'Kò tíì' ni mo kọ, 'kò' ni wọ́n kọ padà. Akọ̀wé yẹn! Ó mu tíì tiẹ̀ tán, ó wá mu tèmi mọ́ ọn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ẹ̀rín yẹn ń dùn wá báyìí bí egbò.

Màmá padà lọ ní ìparí oṣù kẹrin. Akọ̀wé ní, "Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí náà ni, Màmá?" Wọ́n dá a lóhùn pé, "Súkúrù kan ṣoṣo ló di abẹ́rẹ́ mú, ọmọ mi. Tó bá bọ́, ojú èèyàn ló ń fò sí." Ó ní kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù tuntun, kí wọ́n máa retí èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló kó sẹ́nu.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, ni Màmá ń lọ sí ilé-ìwé tó wà lópin òpópónà láti lọ tún máṣíìnì wọn ṣe. Ọ̀sẹ̀ kẹfà nìyẹn nínú mẹ́jọ tí akọ̀wé dá. Akọ ajá náà ti géètì, géètì ṣí. Àpò iṣẹ́ ni Màmá gbé dí ara wọn. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe lódìkejì fi àga rẹ̀ lu ajá náà títí àga fi fọ́, kò jọ̀wọ́ wọn. Wọn ò dé ọsibítù láàyè. Ọdún méjìléláàádọ́rin ni wọ́n lò láyé, ẹnu ọ̀nà ilé kẹta sí tiwọn ni wọ́n kú sí.

Ẹ má sọ fún ìdílé yìí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ìkọ́ géètì kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Akọ̀wé tí ò lè ka ọ̀rọ̀ márùn-ún tán kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ẹ má sì sọ pé a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ bá onílé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ bá ìjọba. Ẹ wo obìnrin tó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n wá ní kó lọ máa retí èsì!

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo télọ̀ ìlú ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé téèpù kọ́ ọrùn, wọ́n rìn lọ síwájú ọ́fíìsì yẹn, páálí tí wọ́n gbé dání ò ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: KÒ TÍÌ. Àwọn ìdílé méjì tí ajá ti pa ọmọ wọn rí ní àdúgbò míì wà láàárín wọn. A ò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, ìyá kan nínú wọn kàn dì mọ́ Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni. Alága ìjọba ìbílẹ̀ jáde pẹ̀lú oníkámẹ́rà mẹ́rin, ó ní wọ́n máa ṣèwádìí. Ìwádìí kí ni? Ẹ ṣí fáìlì, ẹ ka ìbéèrè kẹjọ!

Ohun tí à ń béèrè ò pọ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ajá ńlá àti olówó rẹ̀ sílẹ̀. Kí ajá má jáde láìdè, láìdí lẹ́nu. Kí wọ́n máa wá yẹ géètì wò. Kí ẹni tó bá sì mú ẹjọ́ wá rí ẹni gbọ́ ọ kí eyín tó wọ ara. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ máa jókòó lé e.

Ọlọ́pàá ti pa akọ ajá yẹn. Abo wà ní àtìmọ́lé ìjọba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Géètì Dúdú wá sílé wa pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀: tí ìdílé bá fọwọ́ sí i pé ìjàm̀bá lásán ni, ìjọba máa dá abo padà fún un, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá lórí símẹ́ńtì, ó ń sunkún.

"Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí mo pọ̀n yín."

Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ tó dáa lé e léjìká.

"Mo rántí. Ojoojúmọ́ tí mo bá jí ni mo ń rántí. Àmọ́ èmi lo ṣe lóore, àbúrò. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń gba iwájú géètì rẹ kọjá, oore wo lo ṣe wọ́n tí màá fi wọ́n san án?"

Ó dá lẹ́tà náà padà fún un láìfọwọ́ sí i. Ó wá sunkún lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí Màmá kú. Láti ìgbà yẹn làwọn kan ti ń sọ ní àdúgbò pé ìdílé yìí ò moore.

Màmá fi ọkọ wọn sílẹ̀ sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, àti àbíkẹ́yìn tó jogún àpò awọ. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́jọ sílẹ̀, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí ò tíì léyín, àbúrò wọn méjì, àti ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlélógójì.

Màmá Onímáṣíìnì, ẹ lọ sinmi níbi tí ọ̀nà ti dán tí géètì kankan ò sí. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lẹ́yìn. Kí ẹ má bá ẹni tí ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yín pàdé mọ́ láé.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí ńkọ́? Ọkùnrin tó gbé yín pọ̀n kẹ́ ẹ má baà kú ló kúnlẹ̀ yẹn, aya yín ló wà nínú pósí yìí, ọmọ ọlọ́mọ ló ń kọjá níta yẹn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ yín ni kálàmù wà, kí lẹ̀ bá ti ṣe?